Annecy: Ìlú Tó Gba Omi Rẹ̀ Là

 

Ọ̀pọ̀ yín ló ní ọmọ nílẹ̀ òyìnbó. Tí ẹ bá lọ kí wọn, Lọ́ńdọ̀nù àti Paris náà ni wọ́n ń mú yín yí ká. Tí àyè bá gbà, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé Annecy. Ìlú etí adágún ni, àárín àwọn òkè ló wà, ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá ń bọ omi kò ní ti ibẹ̀ bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Geneva la ti bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, ibẹ̀ náà la ti háyà mọ́tò. Nǹkan bí 40 kìlómítà ni ibẹ̀ sí Annecy. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi tiwa, ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ni kó ṣọ́ra. Mọ́tò tó bá máa gba ọ̀nà márosẹ̀ Switzerland gbọ́dọ̀ ti san 40 fráǹkì fún ọdún yẹn. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ fún yín ní mọ́tò bóyá ó ti san án. Láti 1 November sí 31 March, òfin Faransé ní kí mọ́tò tó ń lọ sí agbègbè olókè yẹn ní táyà ìgbà òtútù, tàbí ṣéènì tí wọ́n ń dè mọ́ táyà. Ẹ rí i dájú kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Tí ẹ bá wọ ìlú, ẹ wá ibi gbé mọ́tò sí, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Odò kékeré kan, Thiou, ló ti inú adágún jáde, ó sì la àárín ìlú àtijọ́ kọjá. Ilé òkúta kan tí wọ́n ń pè ní Palais de l'Île dúró sáàárín odò náà bí orí ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti fi ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n rí. Láti orí afárá, ẹ ó rí òkúta ìsàlẹ̀ odò kedere.

Lọ́jọ́ kejì, a wakọ̀ yí adágún náà ká. Ọ̀nà náà tó 40 kìlómítà. A gba Veyrier, Menthon àti Talloires, a wá gun òkè lọ sí Col de la Forclaz, tó ga ju 1,100 mítà lọ. Kọ́nà lórí kọ́nà ni. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi jíà kékeré dá mọ́tò dúró, ẹ má tẹ bíréèkì títí kó fi gbóná. Láti òkè yẹn lẹ ó rí adágún náà nísàlẹ̀, tí àwọn èèyàn ń so aṣọ bí agboòrùn ńlá mọ́ ara, tí wọ́n ń fò kúrò lórí òkè bí àṣá. Lọ́jọ́ kẹta a gun Semnoz, tó ga ní 1,699 mítà, a sì rí Mont Blanc lọ́ọ̀ọ́kán, funfun báláú. Ibẹ̀ ni ó ti yé wa pé òkè ló bí omi: yìnyín á yọ́, á di odò wẹ́wẹ́, odò wẹ́wẹ́ á wọ adágún. Orísun kan tún wà nísàlẹ̀ adágún náà gan-an, Boubioz lorúkọ rẹ̀, ó jìn ju 80 mítà lọ.

Nígbà tí a padà sétí omi, màmá mi, tó ti ń bọ Ọ̀ṣun láti kékeré, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bu omi sọ́wọ́, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní: "Ta ló ń tọ́jú èyí?"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, adágún yìí ti ń kú lọ. Inú rẹ̀ ni omi ìdọ̀tí ilé àti òtẹ́ẹ̀lì ń ṣàn sí, bẹ́ẹ̀ òun náà ni ìlú ń mu. Dókítà Paul Servettaz wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ké gbàjarè. Ní 1957, àwọn ìlú etí omi para pọ̀. Wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ yí adágún ká, kí ìdọ̀tí má bàa kàn án mọ́; wọ́n ń kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ mọ́, kó tó ṣàn lọ sínú odò tó wà nísàlẹ̀ ìlú. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún, owó sì lọ sí i. Lónìí, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún náà, omi rẹ̀ náà ló sì ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìlú.

Wọn ò bọ ọ́ o. Wọ́n kàn tọ́jú rẹ̀ ni. Àwa tí à ń bọ omi, tí à ń pè é ní yèyé, gbogbo wa la rí bí odò Ọ̀ṣun ṣe pọ́n nígbà tí àwọn kan ń wa wúrà lápá òkè rẹ̀. A sì mọ ohun tí ọwọ́ tiwa náà ń jù sínú odò: náílọ́ọ̀nù, ike, ìgò. Màmá mi ní oríkì dùn létí yèyé, àmọ́ ẹni tó ń kì í kò gbọdọ̀ máa da ilẹ̀ sí i lára. Láti ìgbà tí a ti dé, tí wọ́n bá ń lọ sódò, àpò òfìfo kan máa ń wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń ṣa ìdọ̀tí etí omi. Ẹnì kan ò ní kí wọ́n ṣe é.

Kí omi tútù má ṣe wọ́n nílé wa. Àṣẹ.