“Ìyàwó, Má Da Omi sí Ẹmu Mi!”

Ní Odò-Ọwá-Èkìtì, nítòsí Ìjerò, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí bàbá adẹ́mu kan á ti gbé igbà kọ́ èjìká, ó di ìdí ọ̀pẹ. Bàbá ti lé ní ẹni 60 ọdún. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ta ẹmu lẹ́bàá títì.

Lọ́jọ́ kan, ara ìyàwó ò gbà á mọ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ná. Àwọn awakọ̀ ò rà lọ́wọ́ mi mọ́. Ìyá ẹlẹ́mu tó wà níwájú, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló ń tà lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pẹ tí ọkọ rẹ̀ ń dá ò tó tiwa. Omi ló ń dà sí i, á wá fi ṣúgà sí i kó lè dùn. Ẹ jẹ́ kí èmi náà da omi díẹ̀ péré sí i. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti dé o!”

Bàbá gbé ọ̀bẹ ìdẹ́mu sílẹ̀. “Ìyàwó, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí igbà bá já mọ́ mi nídìí lórí ọ̀pẹ lọ́la, ṣé nítorí omi ni wàá ní mo ṣe kú? Má da omi sí ẹmu mi.”

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ bàbá yìí kì í ṣe ti agídí. Ẹmu ò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń kán láti ara ọ̀pẹ, adùn ti wà nínú rẹ̀. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè ló ń mú un hó. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó ti di ọtí. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Ìdí nìyẹn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tó wá bu omi odò sí i, ó lè bu onígbáméjì tàbí tàífọ́ọ̀dù fún oníbàárà rẹ̀.

Kì í ṣe Èkìtì nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà. Ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn àgbẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé èso àjàrà ìbílẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì. Ìwúkàrà ara èèpo àjàrà náà ló ń mú un hó, wọn kì í fi ṣúgà sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1986, àwọn oníjìbìtì kan níbẹ̀ da mẹ́tánọ́ọ̀lù, ọtí olóró, sínú wáìnì kó lè le. Ó ju ènìyàn 20 lọ tó kú, ojú àwọn mìíràn fọ́. Wáìnì Ítálì bà jẹ́ lójú àwọn oníbàárà òkè òkun, títí kan ti àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́.

Ẹ má wo ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, mẹ́tánọ́ọ̀lù yìí kan náà wà nínú ògógóró tí àwọn èèyàn mu. Ojú àwọn kan fọ́, ọ̀pọ̀ sì kú. Ẹni tó ń ra ọtí ò lè mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹni tó ń tà á nìkan ló mọ̀.

Ìyàwó gba ọ̀rọ̀ bàbá, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹmu ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ló bá ra ife kékeré kan. “Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó sanwó,” ló ń sọ fún ẹni tó bá dúró. Àwọn bíríkìlà tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ padà, àwọn mẹkáníìkì tẹ̀ lé wọn. Àwọn awakọ̀ tó fẹ́ràn adùn ṣì ń kọjá lọ síwájú. Ìdajì owó ilé-ìwé ló ti ara ẹmu jáde, èsúsú ló fi dí ìyókù.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi sẹ́mu, ilẹ̀ gbígbóná ló ń lọ tẹ̀. Ohun yòówù kẹ́ ẹ máa tà lọ́jà, epo ni o, gàrí ni o, ẹ rántí bàbá tó wà lókè ọ̀pẹ.