Orúkọ Yorùbá Nínú Àṣẹ Linux

Ẹni tí ó bá gbọ́ Sábó ní ilẹ̀ Yorùbá, àdúgbò àwọn Haúsá ni yóò rántí. Òdìkejì rẹ̀ ni ti Kánò: àwọn Yorùbá, Ìgbò àti àwọn ará gúúsù mìíràn tí wọ́n rọ́ dé lẹ́yìn tí ojú irin kan ìlú náà ní 1911 ni wọ́n kún inú Sabon Gari. Ní France Road, ní àdúgbò yìí, ni ọmọ Yorùbá kan ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó àti àkójọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Linux ni ó ń lò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í kọ kọ̀ǹpútà ògbólógbòó.

Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó gbé Linux jáde ní 1991. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn àṣẹ kéékèèké tí ènìyàn ń tẹ̀ sí i, ọ̀dọ̀ GNU tí Richard Stallman kéde ní 1983 ni wọ́n ti wá. Sort a máa to orúkọ. Wc a máa kà wọ́n. Cut a máa gé ọ̀rọ̀. Tr a máa fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n lò yóò fi ìlà kan ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi gbogbo ọ̀sán ṣe.

Tr ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ kí gbogbo orúkọ wọn wà ní lẹ́tà ńlá. Ọmọ iṣẹ́ tẹ àṣẹ náà, Adéṣọlá sì di ADéṣọLá. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú irinṣẹ́ yìí, àyè kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní báìtì, ni lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ní ìlànà UTF-8 tí ó gbòde lónìí, Ọ nìkan gba báìtì 3, á sì gba 2. Nítorí náà Ọlá, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà 3, jẹ́ báìtì 6. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, báìtì ni tr ti GNU ń wò, kì í ṣe lẹ́tà. Cut tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò sàn jù ú lọ: bí wọ́n bá ní kí ó gé lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Ọlá, ìdá kan nínú mẹ́ta Ọ ni yóò mú wá, èyí tí kì í ṣe lẹ́tà kankan.

"Ọ̀gá, ṣé kí n kúkú yọ gbogbo àmì náà kúrò?"

"Má yọ ọ́. Bí o bá yọ ọ́, kí ni yóò ya Ọ̀ṣun odò sọ́tọ̀ kúrò lára osùn tí wọ́n fi ń kun ara?"

Ó ní kí ó lo sed, èyí tí ó mọ lẹ́tà ńlá Yorùbá bí wọ́n bá ti sọ fún un pé UTF-8 ni, iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà sì parí.

Ọkàn ọ̀gá kò balẹ̀ síbẹ̀. Ó fẹ́ kọ̀wé sí àwọn tí ń tọ́jú irinṣẹ́ náà pé kí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé títún ohun àtijọ́ ṣe gba sùúrù. Ní 2016, ls bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì àyọlò yí orúkọ fáìlì tí ó ní àlàfo nínú ká. Àǹfààní wà níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn fárígá. Ní 2025, Ubuntu 25.10 fi irinṣẹ́ tuntun tí wọ́n fi Rust kọ rọ́pò ti àtijọ́; date tuntun náà kò ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ date àtijọ́ bí ó ti yẹ, kọ̀ǹpútà mìíràn kò sì lè dá wá àtúnṣe tuntun fún ara rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi wá nǹkan ṣe sí i. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ti gbára lé irinṣẹ́ kékeré ju bí ẹni tí ó ṣe é ti rò lọ.

Nítorí náà, ìwé ìdánwò ni ó ń kọ dípò ẹ̀sùn: orúkọ ní ọwọ́ òsì, èsì tí ó yẹ ní ọwọ́ ọ̀tún. Linux kúkú ti ní ètò fún Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Bí wọ́n bá yan yo_NG, date yóò pe ọjọ́ àti oṣù ní Yorùbá. Adéṣọlá ni ó síwájú. Ụ àti ị ti àwọn Ìgbò ará ilé kejì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ɓ, ɗ àti ƙ ti Haúsá. Ọ́ ni ó le jù, nítorí pé kò ní nọ́ńbà tirẹ̀: ọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, kí wọ́n tó fi àmì òkè lé e, wc yóò sì kà á sí 2. Ọmọ iṣẹ́ béèrè èwo ni kí òun kọ. Ọ̀gá ní kí ó kọ 1.