Ìwé Tí Mo Kọ fún Aláìsàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni mo rò pé òwe yìí ń bá wí. N kò mọ̀ pé ti ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ kì í sí nítòsí nígbà tí ó bá ń fọ́.

Festac ni mò ń gbé. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn ìlú yìí: ìjọba kọ́ ọ láti fi gba àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún iṣẹ́-ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì, ọdún 1977. Àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó nígbà náà, wọ́n jíròrò lórí ọ̀làjú àti ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú. Àjọ̀dún parí, àlejò lọ, àwa kó sínú ilé. Lónìí, kò sí ẹ̀yà tí kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọjà Agbójú, ẹ ó bá àwọn ìyá tí ó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni ó yé wọn dénú.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé ìwòsàn kan ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin bẹ̀ mí pé kí n bá wọn kọ ìwé ìléwọ́ ní èdè Yorùbá fún àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Inú mi dùn. Mo jókòó, mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, mo sì kọ gbólóhùn kan báyìí: “Ẹ máa lo oògùn yín lójoojúmọ́ títí ara yín yóò fi yá.” Ẹ tún un kà. Kò sí olùkọ́ tí yóò fa igi sí i.

Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa gba ìwé náà. Ọmọ-ọmọ wọn kà á sí wọn létí. Wọ́n lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí fífọ́ lọ, oorun dé. Ara yá. Ni wọ́n bá kó oògùn tì. Kò pé oṣù mẹ́fà tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá wọn dùbúlẹ̀.

Mo lọ kí wọn. Mo ní, “Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló dé tí ẹ fi dá oògùn dúró?”

Wọ́n rọra fèsì pé, “Ọmọ mi, ìwé tí wọ́n fún wa ló ní kí n lò ó títí ara mi yóò fi yá. Ara mi sì yá.”

N kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi ara hàn. Ara lè le koko kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ru. N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo kọ ìwé náà. Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, “Lọ tún un kọ.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì bí a ti ń kọ̀wé fún aláìsàn. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, apòògùn wà níbẹ̀, àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ ìlera àwùjọ náà sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń wá sí pálọ̀ mi.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni àmì ohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, “Sà, ṣé aláìsàn ń wo àmì ni?” Mo kọ ọ́ sára pátákó láìfi àmì kankan sí i: “E mu ito yin wa ninu igo yii.” Àwọn kan ní ìtọ̀ ni, àwọn kan ní itọ́ ni. Mo tún kọ “oyun” sílẹ̀. Ṣé oyún inú ni, àbí ọyún ojú egbò? Kò sí ẹni tí ó tún béèrè.

Ẹ̀kọ́ kejì ni orúkọ. Ẹnì kan kọ̀wé nípa HIV, ó pè é ní “àrùn kògbóògùn” gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pè é. Nọ́ọ̀sì kan dìde, ó ní, “Bí kò bá gbóògùn, kí ni aláìsàn ń wá lọ́dọ̀ mi?” Òótọ́ ni. Oògùn tí ó wà kò tíì lè lé kòkòrò náà jáde tán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lò ó déédéé lè gbó kí ó tọ́. Kòkòrò náà sì lè dín kù débi pé kò ní ràn nípa ìbálòpọ̀ mọ́. Orúkọ burúkú ti lè lé ènìyàn sẹ́yìn kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. A pa á rẹ́, a kọ “kòkòrò HIV, tí oògùn ń tẹ orí rẹ̀ ba.”

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ó le jù: a ó gbé ìwé náà lọ sí ọjà Agbójú. Mo kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ béèrè pé, “Ṣé ó yé yín?” Ọmọlúàbí ni Yorùbá, kí ojú má baà ti ẹni tí ó kọ̀wé, wọn yóò ní ó yé wọn. Ohun tí à ń béèrè ni pé, “Màmá, bí ẹ bá délé, báwo ni ẹ ó ṣe lò ó?” Bí ìdáhùn bá wọ́, ìwé ló wọ́, kì í ṣe ìyá náà.

Ìwé ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo tún kọ, Màmá àdúgbò wa ni mo kọ́kọ́ kà á fún. Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n ní, “Bí oúnjẹ ni oògùn yìí. Èyí tí mo jẹ lánàá kò ní kí ebi má pa mí lónìí. Bí ara mi tilẹ̀ yá, n ó máa lò ó, àfi bí dókítà bá ní ó tó.” Ọ̀rọ̀ wọn dára ju tèmi lọ. Òun gan-an ni ó wà nínú ìwé náà báyìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ní ọdún 1984, àwọn onímọ̀ èdè fi ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá lé wa lọ́wọ́ lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, kí a lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ èdè. Iṣẹ́ irú èyí ń dúró dè wá ní ẹ̀ka ìlera. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é tán, ẹ jẹ́ kí a gbé e dé ọjà kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè fún wa ní máàkì. Aláìsàn ni yóò sọ bóyá a yege.