Ìbọn Ayé Àtijọ́ Kì í Ṣe Ohun Ìṣeré

Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ kọ òun? Òwe yìí ni mo fi dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lóhùn ní àdúgbò wa ní Ìkátẹ Ẹlẹ́gùṣì lẹ́nu àìpẹ́ yìí, nígbà tí ó bi mí léèrè bí òun ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ jọ. Kì í ṣe jàǹdùkú o. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó fẹ́ràn ìtàn, ó sì mọ orúkọ àwọn ìbọn tí wọ́n lò nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe mọ orúkọ àwọn ọba Èkó lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas. Ó ní ìyẹn lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí wàhálà, kí ó sì kó o mọ́ ẹrù tó ń bọ̀ wá sí Èkó nínú ọkọ̀ ojú omi.

“Ẹ̀gbọ́n, àwòṣe lásán ni,” ni ó wí, “kì í ṣe ojúlówó.”

Gbólóhùn yìí ló mú mi gbé kálàmù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ronú bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé irú èrò yìí lè gbé ọmọ ọlọ́mọ dé ẹ̀wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ní 1836 ni Samuel Colt, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ tí àgbá kékeré inú rẹ̀ ń yí. Nígbà náà, ọta tí ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń lò lónìí, kò tíì gbòde. Ihò mẹ́fà ló sábà máa ń wà lára àgbá náà. Ẹni tó fẹ́ yin ìbọn yóò da ẹ̀tù sínú ihò kọ̀ọ̀kan, yóò gbé ọta òjé roboto lé e, yóò sì fi ọ̀pá kékeré tó wà lábẹ́ ìbọn náà kì í mọ́lẹ̀ pinpin. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìdérí bàbà kan, tí kò tó èékánná ọmọdé, dé ẹ̀yìn ihò kọ̀ọ̀kan. Inú ìdérí yìí ni ohun tó ń ṣáná wà. Bí ó bá kẹ́ ìbọn náà tí ó sì fa apátí, òòlù rẹ̀ yóò lu ìdérí, iná yóò ṣẹ́, ẹ̀tù yóò gbiná, ọta yóò sì jáde pẹ̀lú èéfín funfun tó ń bo ojú.

Èyí tí Colt gbé jáde ní 1851, tí wọ́n ń pè ní Navy, gbajúmọ̀ débi pé iye tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lé ní 200,000. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ítálì bíi Uberti àti Pietta ló ń ṣe àwòṣe rẹ̀. Ibi tí àbúrò mi ti ṣì í mú gan-an nìyí. Wọ́n ń pè é ní àwòṣe nítorí pé kì í ṣe ilé iṣẹ́ àtijọ́ ló ti jáde, kì í ṣe nítorí pé kò lè pa ènìyàn. Irin tuntun ni, ẹ̀tù gidi ni, ọta gidi ni.

Ọdún 1851 yẹn kan náà, ní oṣù Kejìlá, ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́. Ẹ̀pẹ́ ni ọba náà padà forí lé, ibi tí òpópónà ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ Ìkátẹ kọjá ń lọ títí di òní. Mo mẹ́nu ba èyí kí a lè rí i pé ìtàn ìbọn ẹlẹ́tù kì í ṣe ti àjèjì nìkan. Ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká pátápátá títí di 1893. Ìró ìbọn ló fún ogun náà lórúkọ. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀, tí Ògèdèǹgbé jẹ́ balógun wọn, ti gba ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn nípasẹ̀ àwọn ènìyàn wọn tó wà ní Èkó, tí wọ́n sì fi kojú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí ṣakabùlà pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ti rí bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí a tó ki ṣakabùlà lẹ́ẹ̀kan sí i yóò mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí lójú ogun.

Àwọn òyìnbó náà mọ̀ ọ́n. Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn tó pàdé ní Brussels fọwọ́ sí àdéhùn kan tó de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà. Wọ́n ní nítorí kí òwò ẹrú lè dópin ni. Ohun tí wọ́n gbà kí wọ́n máa tà ni ìbọn olókùúta-ìṣáná tí inú irin rẹ̀ dán bọ̀rọ́, àti ẹ̀tù lásán. Nítorí náà, bí ọ̀rúndún ogún ṣe bá àwọn ọdẹ wa pẹ̀lú ṣakabùlà lọ́wọ́, kì í ṣe pé ọgbọ́n ló wọ́n wọn. Ẹni tó bá ní ìbọn tuntun lọ́wọ́ ló ń pinnu ẹni tí yóò máa lo ògbólógbòó.

Ṣakabùlà yẹn ni mo fi mọ ẹ̀tù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jẹ́ ọdẹ, ìbọn rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Inú àdó kékeré kan ni ó ń kó ẹ̀tù sí, kì í sì í gbé e súnmọ́ ilé ìdáná. Bí ó bá ń ki ìbọn, a kì í bá a sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mu sìgá nítòsí. Ó ní ìwọ̀n tí ó fi ń wọn ẹ̀tù, kì í fojú bù ú. Nígbà tí mo bèèrè ìdí rẹ̀, ó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan hàn mí, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìka méjì ti kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìyẹn fojú bu ẹ̀tù tirẹ̀, irin ìbọn náà sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, “Ẹ̀tù kò mọ olówó rẹ̀.”

Wàyí o, kí ni òfin wí? Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1959, ọdún kan kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ló ṣì wà nílẹ̀. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kìíní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀, àfi bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí i. Apá kejì ni àwọn tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ wọn lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá, irú bí ìbọn ọdẹ ìgbàlódé. Apá kẹta ni àwọn ìbọn gígùn tí a ń ki láti ẹnu: ṣakabùlà, olókùúta-ìṣáná àti onídèérí bàbà. Àwọn wọ̀nyí pàápàá ní ìwé àṣẹ tiwọn.

Ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù ńkọ́? Apá kìíní ni ó wà, níbi tí bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta wà. Òfin náà dárúkọ rẹ̀ ní kedere: gbogbo ìbọn ìléwọ́, títí kan èyí tó ń fi òkúta ṣáná àti èyí tó ń lo ìdérí. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán, ni òfin náà là sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìgba àṣẹ.

Ẹ̀tù kan náà, ìdérí kan náà, ṣùgbọ́n bí ìbọn bá gùn, ó wà ní apá kẹta, bí ó bá sì kúrú, apá kìíní. Lójú tèmi, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ọdẹ tó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, gbogbo ayé ló ń rí i. Ẹni tó ki ìbọn ìléwọ́ bọ abẹ́ agbádá, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Òfin ìlú kan kì í ṣe òfin ìlú kejì. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 ka àwòṣe ìbọn ẹlẹ́tù tí kò lè lo ọta ìgbàlódé sí ohun àtijọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Texas fi lè rà á bí ẹni ra bàtà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí apànìyàn kan yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní 1996, wọ́n fòfin de ìbọn ìléwọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fi ti ẹlẹ́tù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, ó sì gbọ́dọ̀ gba òmíràn fún ẹ̀tù. Ohun tí ó jẹ́ fàájì ní Texas, ìwé àṣẹ ló ń fẹ́ ní London, ó sì di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n bí ó bá gúnlẹ̀ ní Àpápá.

Ká tilẹ̀ ní òfin kò sọ nǹkan kan, ẹ wo Ìkátẹ fúnra rẹ̀. Ilé fara kan ilé, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ògiri, sílíńdà gáàsì wà ní ilé ìdáná. Níbo ni a óò kó ẹ̀tù sí? Ìdọ̀tí tí ẹ̀tù ń fi sílẹ̀ nínú ìbọn máa ń fa omi mọ́ra, bẹ́ẹ̀ sì ni atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń fẹ́ láti inú òkun kò dá irin lásán sí. Ìbọn tí wọn kò bá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yìn ín yóò dípẹtà kíákíá. Ní òru, bí àwọn ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n sì rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ta ni yóò dúró bèèrè bóyá ti 1851 ni?

Mi ò pa ìfẹ́ ìtàn tó wà lọ́kàn ọmọ náà. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kí ó fi ìbọn náà sílẹ̀ níbi tí òfin ti gbà á. Bí ó bá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí wọ́n jọ lọ sí pápá ìyìnbọn tó ní olùkọ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí ó wọ ìgò tó ń dáàbò bo ojú. Kí ó má ṣe da ẹ̀tù ọta ìgbàlódé sínú ìbọn àtijọ́ láé, nítorí ìbọn náà lè bẹ́. Kí ó fi ọ̀rá dí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ó bá ti ki ọta, kí iná má baà fò láti inú ọ̀kan sí òmíràn. Kí ó ki márùn-ún, kí ó fi ìkẹfà sílẹ̀ lófìfo lábẹ́ òòlù. Bí ó bá sì parí, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó dá a padà fún olówó rẹ̀.

Nílé níbí, kí ó wá àwọn ọdẹ lọ. Àwọn àgbà tó mọ ṣakabùlà ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọ́. Ẹni tó ní ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ àti sùúrù lè kó ìmọ̀ wọn jọ, kò sì sí aṣọ́bodè tí yóò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun, ẹ jọ̀wọ́, bí àbúrò yín bá bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun fi àwòṣe ìbọn ránṣẹ́, fóònù ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i.