Oúnjẹ Tó Gba Àbíjàn Wọ Èjìgbò

Láti Òṣogbo, mo gba Ẹdẹ, mo gba Ara, mo sì wọ Èjìgbò. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tó tó fi gba àkókò òǹkàwé. Oúnjẹ ìlú náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ògìyán ni wọ́n ń pe ọba Èjìgbò, òrìṣà tí iyán jẹ́ ààyò rẹ̀ sì ni òrìṣà ìlú, nítorí náà ẹni tí kò débẹ̀ rí yóò ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìró odó nìkan ni òun yóò máa gbọ́. Iyán kò wọ́n níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ atíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó ti Àbíjàn ní Côte d'Ivoire wá, náà kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àlókò, ìyẹn dòdò tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ata àti ẹja dídín tì. Èdè Faransé sì wà lẹ́nu ọmọdé àti àgbà bí ẹni pé Àbíjàn la wà. Èrò tí oúnjẹ yìí gbé sí mi lọ́kàn ni mo fẹ́ rò síta: oúnjẹ kan lè pẹ́ ní ìlú kó má di ti ìlú náà, òmíràn lè dé lánàá kó di ti ìlú lónìí. Ohun tó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́, bóyá àwọn ará ìlú ti mọ̀ ọ́n ṣe tàbí wọ́n kàn mọ̀ ọ́n rà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwo atíẹ́kẹ́ kan dáadáa. Hóró rẹ̀ kéré sí ti ìrẹsì, ó tóbi díẹ̀ ju ti gaàrí lọ. Ó lè funfun, ó sì lè pọ́n díẹ̀ bí wọ́n bá fi epo pupa sí i. Ó rọ̀ lẹ́nu, ó sì kan díẹ̀, ìkan tí ahọ́n ẹni tó ń mu gaàrí yóò dá mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á gé àlùbọ́sà, tòmátì àti ata tútù sórí rẹ̀, wọ́n á ta òróró lé e, wọ́n á gbé ẹja dídín tàbí ẹja yíyan tì í. Ẹni tó bá ti yan gaàrí rí kò nílò olùkọ́ púpọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín. Bí wọ́n ti ń rin ín ni wọ́n ń po ìwúkàrà mọ́ ọn, ìyẹn ẹ̀gẹ́ sísè tí wọ́n ti gbé pamọ́ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta títí tó fi kan. Wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, wọ́n á kù ú lásẹ́. Títí dé ibí, gaàrí àti atíẹ́kẹ́ ṣì jọ ń rìn. Ìdí iná ni wọ́n ti pínyà. Inú agbada ni gaàrí ń lọ, wọ́n á yan án títí yóò fi gbẹ táútáú. Atíẹ́kẹ́ ní tirẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ yí i di hóró róbótó, wọ́n á sá a sóòrùn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ṣa okùn ẹ̀gẹ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á wá gbé e ka orí ìkòkò omi tó ń hó kí ooru rẹ̀ sè é. Orí ìyàtọ̀ kékeré yìí ni gbogbo àríyànjiyàn nípa oúnjẹ ìbílẹ̀ àti oúnjẹ àjèjì ní Èjìgbò dúró lé.

Báwo wá ni oúnjẹ àjèjì ṣe dé Èjìgbò? Ìlú tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ti ń pàdé nídìí ìkòkò ọbẹ̀ kan, ìlú èbúté ló sábà máa ń jẹ́. Melaka ní ilẹ̀ Malaysia jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Àwọn oníṣòwò ará Ṣáínà, ará Íńdíà àti Lárúbáwá ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, Potogí gbà á ní ọdún 1511, àwọn ará Họ́láńdì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1641, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ilé àwọn ará Ṣáínà tó fẹ́ obìnrin ibẹ̀ ni ìdáná tí wọ́n ń pè ní Nyonya ti jáde, níbi tí ọgbọ́n Ṣáínà ti bá àgbọn àti èròjà ilẹ̀ Malay pàdé. Ayé ló wá bá Melaka nílé. Èjìgbò ní tirẹ̀ jìnnà sí òkun, ọkọ̀ ojú omi kan kò gúnlẹ̀ síbẹ̀ rí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló jáde lọ bá ayé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti ń forí lé ìwọ̀-oòrùn, nígbà tí Faransé ń la ọ̀nà reluwé láti Àbíjàn lọ sókè. Àbíjàn di olú-ìlú Côte d'Ivoire ní 1934. Ní 1950 ni wọ́n la ojú omi Vridi kí ọkọ̀ òkun lè wọ inú ọ̀sà, ọjà sì gbòòrò sí i. Àwọn Yorùbá ti wà nídìí ọjà ní àdúgbò Treichville àti Adjamé l'Ábíjàn, ará Èjìgbò sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n lé kò wálé, Côte d'Ivoire ni wọ́n yà sí. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2002, tí rògbòdìyàn tún tẹ̀lé ìdìbò 2010, ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹrù wọn padà sílé. Wọ́n kó àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún dání, ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ ti mọ atíẹ́kẹ́ kó tó mọ àmàlà.

Àwọn kan yóò ní oúnjẹ àlejò ni atíẹ́kẹ́, pé ti baba wa wà níbẹ̀ kí a tó gbọ́ orúkọ Àbíjàn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi wọ́n pé kí ló wà nínú àwo tiwọn. Ẹ̀gẹ́ tó ń di gaàrí, Gúúsù Amẹ́ríkà ni Potogí ti gbé e kọjá òkun wá. Ó pẹ́ gan-an létí òkun kó tó gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọgbọ́n rírin àti yíyan rẹ̀ tàn kálẹ̀. Àgbàdo tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ àti ẹ̀gbo, ọmọ Amẹ́ríkà ni òun náà. Ata rodo, tàtàṣé àti tòmátì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà dé. Kí wọ́n tó dé, ataare àti ìyèré ló ń ta àwọn baba wa lẹ́nu. Ata tó ti Amẹ́ríkà wá yìí kan náà ni Potogí gbé lọ sí Ìlà-Oòrùn, òun ni àwọn Malay ń lọ̀ fi ṣe sambal tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè, oúnjẹ tí gbogbo wọn gbà pé ìbílẹ̀ ni. Bí a bá ní kí a kó gbogbo ohun tó ti òkèèrè wá kúrò nílé ìdáná ní Èjìgbò, a ó ku iṣu, ẹ̀wà, ilá, epo pupa àti ìwọ̀nba nǹkan mìíràn. Oúnjẹ gidi ni, mi ò bú u. Àmọ́ ẹni tó bá ní ìwọ̀nyí nìkan ni òun ó máa jẹ, kó kọ́kọ́ yọ ata kúrò nínú ọbẹ̀ ọ̀la.

Síbẹ̀ ẹni tó pe gaàrí ní tiwa kò purọ́. Obìnrin abúlé ló kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Alágbẹ̀dẹ rọ ohun èlò rẹ̀. Àwọn ìlú ń ṣe é ní ọ̀nà tiwọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá di ojú lè mọ gaàrí Ìjẹ̀bú nípa bó ṣe kan tó. Kò sẹ́ni tó kéde pé àlejò náà ti di onílé. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bèèrè fún atíẹ́kẹ́ kò ju ohun tí a ti ṣe fún gaàrí lọ.

Àtakò kan tún wà tó le ju èyí lọ: pé fáàrí ni, pé èdè Faransé, owó sẹ́fà àti atíẹ́kẹ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ohun tí ẹni tó ti ìdálẹ̀ dé fi ń jẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé òun dé. N kò ní sọ pé fáàrí kò sí níbẹ̀. Ìrẹsì náà ti jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ ọdún rí nínú ọ̀pọ̀ ilé, kó tó di ohun tí ọmọ ilé ìwé ń jẹ lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n Faransé kọ́ ló ni atíẹ́kẹ́. Àwọn Ebrié, Adioukrou àti Alladian, ẹ̀yà tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà ní gúúsù Côte d'Ivoire, ló ni ín, àwọn obìnrin wọn ló sì gbé e dé ọjà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìpàdé UNESCO tó wáyé ní Asunción fi ọgbọ́n ṣíṣe atíẹ́kẹ́ sínú ìwé àjogúnbá aráyé. Ìpàdé yẹn kan náà ló fi oúnjẹ àárọ̀ ilẹ̀ Malaysia sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwùjọ tí ẹ̀yà pọ̀ nínú rẹ̀, níbi tí Malay, ará Ṣáínà àti ará Íńdíà ti jọ ń jókòó jẹ nasi lemak àti roti canai. Paraguay ni Asunción wà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a lọ́lá. Ọmọ Èjìgbò tó ń jẹ atíẹ́kẹ́, oúnjẹ adúláwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ, kò fi jọ òyìnbó kankan.

Ṣé iyán kò ní tipa bẹ́ẹ̀ parẹ́? Ohun tó di iyán mú ní Èjìgbò ju ìfẹ́ ẹnu lọ. Ọdún Ògìyán wà, ọdún iṣu tuntun, tí ìlú máa ń pín sí ọ̀nà méjì, tí àwọn ọkùnrin ìhà méjèèjì ń fi àtòrì na ara wọn. Òrìṣà tó ni ọjọ́ náà kì í gba pààrọ̀. Ó sì ti rin ìrìnàjò tó jìn ju ti Àbíjàn lọ: àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e lọ sí Bahia ní Bràsíl, Oxaguiã ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, odó àti iṣu ni wọ́n sì fi ń ṣe ọdún rẹ̀ títí dòní. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ ojoojúmọ́ àwọn ará Bahia láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ẹ̀gẹ́ kò lé iṣu òrìṣà kúrò láàárín wọn, n kò sì rí ìdí tí yóò fi lé e kúrò ní Èjìgbò tó jẹ́ orísun. Bí a bá ń wá ọ̀tá iyán, owó iṣu àti àárẹ̀ apá ni kí a wò. Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá tí wọ́n ń ro lórí iná ti gba ipò odó nílé àwọn kan tó ń pariwo àṣà jù lọ.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí atíẹ́kẹ́ Èjìgbò yàtọ̀ sí ti àwọn alátakò wọ̀nyí. Èyí tó ń bá èrò inú bọ́ọ̀sì bọ̀ láti Àbíjàn kò tíì di tiwa. Ọ̀nà láti Èkó dé ọ̀hún lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà, orílẹ̀-èdè márùn-ún ló là kọjá. Láti ọdún 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ wọ̀nyí máa lọ máa bọ̀ láìsí ìdíwọ́, síbẹ̀ ẹni tó bá gba Badagry lọ sí Sẹ̀mẹ̀ mọ̀ pé igi tí wọ́n fi dábùú títì kò níye, ìtìjú sì ni fún àwa tí à ń pe ara wa ní aláṣà ìgbàlejò. Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Oúnjẹ tó bá gbẹ́kẹ̀ lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí aṣọ́bodè bá bínú ni yóò wọ́n. Orílẹ̀-èdè tó ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé sì nìyí, tó ń ra ẹ̀gẹ́ sísè lọ́wọ́ aládùúgbò.

Mo gba Ifẹ̀-Ọ̀dàn já sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo ń padà. Ìlú àgbẹ̀ ló kún agbègbè Èjìgbò, Ìlawó, Ọ̀lá, Masífá, Ìsúndùnrin, àwọn obìnrin tó mọ iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ dé góńgó sì wà níbẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà nínú Èjìgbò fúnra rẹ̀. Àwọn ìyá tó ṣe atíẹ́kẹ́ jẹun l'Ábíjàn fún ọ̀pọ̀ ọdún ti padà wálé, wọ́n wà ní àdúgbò, wọn kò gba owó ọkọ̀ òfuurufú kí wọ́n tó kọ́ni. Kí ìjọba ìbílẹ̀ àti yunifásítì pe àwọn ìyá wọ̀nyí, kí wọ́n fi ìwúkàrà àti ìkòkò ìfooru-sè hàn àwọn tó ti ń rin ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìwọ arìnrìnàjò, bí o bá dé Èjìgbò, jẹ iyán lọ́sàn-án, jẹ atíẹ́kẹ́ lálẹ́, kí o sì bi ẹni tó tà á fún ọ pé oko ta ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti wá.