Ọkọ̀ Bàbá Wa Àgbà àti Èéfín Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Peugeot 504 ni, abẹ́ igi máńgòrò ni ó máa ń wà nílé wa ní Ola, lágbègbè Ẹjìgbò.

Ẹni tí ó bá mọ Ẹjìgbò yóò mọ̀ pé Àbíjàn dà bí ìdílé kejì fún wa. Bàbá wa àgbà náà ṣòwò níbẹ̀. Nígbà tí ó padà wálé ní ọdún 1983, ó ra ọkọ̀ yìí ní tuntun, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Kàdúná láti ọdún 1975. Nígbà náà, ojoojúmọ́ ni ó ń jáde. Ṣùgbọ́n bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, owó epo sì ti fò sókè láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Bí ó bá jáde lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ó pọ̀: ọjọ́ tí ìyá àgbà bá fẹ́ lọ rí dókítà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ọjọ́ ìsìnkú. Ní ọjọ́ yòókù, àwọn adìyẹ ni ó ń lò ó.

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, èmi ni mo wa ọkọ̀ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò dá wa dúró lójú títì. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n tẹ iná mọ́ ọn. Mo tẹ̀ ẹ́. Èéfín aláwọ̀ aró rú jáde, ó bo ewúré kan tí ń kọjá. N kò ní purọ́, èmi fúnra mi wúkọ́.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí kì í jáde ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóṣù.”

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Èéfín ni mo rí, n kò rí oṣù.”

Wọ́n gba ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọ̀kadà ni ó gbé ìyá àgbà lọ, ó di ọlọ́kadà mú bí ẹni tí ń gun ẹṣin. Kí ó tó dé, wọn kò gba káàdì mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ó fi wà láìsí oògùn rẹ̀.

Mẹkáníìkì wa ni ó là mí lójú. Ó ní ọkọ̀ tí kò rìn ni ó máa ń rú èéfín jù. Rọ́bà ara fáàfù á gbẹ, ọ́ìlì á máa jò sí ibi tí epo ti ń jó. Èéfín aláwọ̀ aró nìyẹn. Epo tí ó ti pẹ́ nínú táǹkì á di ohun tí ń lẹ̀ bí oje igi, á dí kábúrétọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò tíì gbóná a sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, ìrìn tiwa kì í sì í pẹ́ kí a tó débi tí à ń lọ. Ẹ ò rí i? Àìrìn tí ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà má ba afẹ́fẹ́ jẹ́ púpọ̀ náà ni ó jẹ́ kí ó kùnà nídìí àyẹ̀wò. Iye tí ó dá lé àtúnṣe tó owó ilé ìwé mi fún sáà kan.

Mo ròyìn rẹ̀ fún àbúrò ìyá mi ọkùnrin tí ó wà ní Atlanta. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ní Georgia, níbi tí wọ́n ti ń yẹ èéfín wò, bí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá ti pé ẹni ọdún 65, tí òun gan-an ni ó ń wà á jù, tí ọkọ̀ náà ti lo ọdún mẹ́wàá, tí kò sì rìn tó 5,000 máìlì lọ́dún, ó lè béèrè kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti ná iye tí ìjọba dá lórí àtúnṣe, tí ọkọ̀ tún kùnà, ọ̀nà wà fún òun náà. Ní Pennsylvania, wọn kò tilẹ̀ béèrè ọjọ́ orí: kí ọkọ̀ má ti rìn tó 5,000 máìlì láàárín ọdún kan, kí ó sì ti wà lọ́wọ́ ẹni náà fún ọdún kan. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú ti ń san £12.50 lójúmọ́, ọkọ̀ tí ó ti lé ní ogójì ọdún lè gba orúkọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ó má san kọ́bọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bàbá wa ní Ola, oyè ni níbẹ̀!

N kò sọ pé kí a má ṣòfin. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà lórí èéfín ọkọ̀ jáde ní ọdún 2011, lábẹ́ àjọ NESREA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹ̀ lé ọkọ̀ akérò lẹ́yìn rí mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akérò tí ń rú èéfín láti ìdájí di alẹ́, àti èyí tí kò rìn tó 1,000 kìlómítà lọ́dún, a kò lè fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní yàrá wa takò mí. Ó ní bí a bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, gbogbo awakọ̀ ni yóò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni òun ń jáde. Ó ní ní Amẹ́ríkà, aago tí ń ka máìlì ni ó ń jẹ́rìí; ta ni yóò jẹ́rìí fún bàbá mi? N kò rí èsì fọ̀. Aago ọkọ̀ náà ti kú kí n tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Ola ni ó mọ ìgbà tí ọkọ̀ yẹn bá jáde, ṣùgbọ́n ìlú kì í ṣe ìwé.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi yìí fún bàbá lórí fóònù, láìrò ó sí nǹkan kan. Nígbà tí mo padà délé, ó ti ta àpò kòkó mélòó kan, wọ́n ti pààrọ̀ rọ́bà fáàfù, wọ́n sì ti tún aago náà ṣe. Ó ra ìwé kékeré kan, ó fi sínú ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá jáde, ó ń kọ ọjọ́, ibi tí ó lọ, àti iye kìlómítà sí i, ní èdè Faransé tí ó kọ́ ní Àbíjàn. Mo ka ìlà inú rẹ̀: mọ́kànlá ni, méje nínú wọn jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Kò tíì sí ẹni tí ó béèrè fún un.