Òkúta Òṣùwọ̀n Pompeii

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé bọ̀ láti Ítálì. Mo dé Pompeii, ìlú tí eérú òkè oníná Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Jésù. Mo rí ìsọ̀ wọn, mo rí ahoro ilé òrìṣà Jupiter, ṣùgbọ́n tábìlì òkúta kan lẹ́bàá gbàgede ọjà ni ó dá mi dúró.

Ihò mẹ́sàn-án ni wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀, ńlá àti kékeré, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lu nísàlẹ̀. Bí o bá ra àlìkámà, tí ara rẹ kò sì balẹ̀, ẹ ó jọ lọ dà á síbẹ̀. Bí ihò bá kún, ẹjọ́ tán. Ẹ ó ṣí ìdí rẹ̀, ọjà rẹ yóò ṣàn sínú àpò. Nígbà tí ó kù bí ogún ọdún kí a bí Jésù, wọ́n tún ihò wọ̀nyí gbẹ́ kí wọ́n lè bá òṣùwọ̀n Róòmù mu. (Ẹ̀dà ni ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, ojúlówó wà ní Naples.)

Ta ni yóò fi òòlù lu ìdí òkúta wọnú bí wọ́n ti ń lu kóńgò? Ìyá mi ta ìrẹsì títí ó fi darúgbó, kò lu kóńgò rẹ̀ rí, síbẹ̀ àwọn oníbàárà a máa pè é ní olè. Irú òkúta yẹn ì bá dá a láre lójú gbogbo ọjà.